Bí Ọ̀gá Èbúté Ṣe Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Tún Ọkọ̀ Ṣe

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n sọ fún yín nípa ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ara rẹ̀ débi pé, bó bá ń kọjá níwájú gíláàsì fèrèsé, ó máa ń dúró kí ara rẹ̀. Mi ò bù mọ́ ọn. Akọ̀wé rẹ̀ rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, ó sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí ìkíni náà fi parí.

Ọkùnrin yìí ni ọ̀gá àgbà èbúté ní ìlú kan tí kò tóbi, tí kò sì kéré. Iṣẹ́ èbúté náà ò pọ̀: kí ọkọ̀ wọlé, kí ọkọ̀ jáde, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bí Ọ̀gá ṣe ń ròyìn iṣẹ́ ọ̀hún, ẹ ó rò pé òun ló ń sọ fún omi pé kó máa ṣàn. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í fi "Èmi gẹ́gẹ́ bí èmi" bẹ̀rẹ̀. Bó bá fẹ́ mu omi, á ní, "Èmi gẹ́gẹ́ bí èmi, òùngbẹ ń gbẹ mí." Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Gẹ́gẹ́-Bí-Èmi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o. Níwájú rẹ̀, wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á ní, "Ọ̀gá tó ń ṣọ̀gá fún àwọn ọ̀gá."

Ó ti pe káfíńtà wá sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pé kó gé ẹsẹ̀ àwọn àga àlejò kúrú ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kí ẹnikẹ́ni tó bá wá rí òun lè máa wo òun láti ìsàlẹ̀. Káfíńtà náà ò wọ̀n ọ́n dáadáa, àga kan wá ń mì. Èyí tó ń mì yẹn ni Ọ̀gá fẹ́ràn jù. Orí rẹ̀ ló máa ń ní kí àwọn tó wá bẹ̀bẹ̀ jókòó sí.

Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọrùn rẹ̀ gùn, Bẹ́ẹ̀ni-Sà lorúkọ tí wọ́n fún òun náà, nítorí ó máa ń dáhùn kí ìbéèrè tó parí. Lọ́jọ́ kan, inú bí Ọ̀gá, ó ní, "Ṣé o rò pé òmùgọ̀ ni mí ni?" Akọ̀wé ní, "Bẹ́ẹ̀ni, sà." Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà dákẹ́ nínú yàrá yẹn, kò sì sẹ́ni tó tún mẹ́nu kàn án mọ́.

Ó wá ku ọkọ̀ tí ìtàn yìí dá lé lórí. Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ èbúté ló wà, ọkọ̀ onígbòkun àtijọ́ kan tí wọ́n fi fáíbà, aṣọ tí wọ́n fi òwú gíláàsì hun, ṣe, tí wọ́n gbé lé orí igi ìdúró mẹ́fà, tí wọ́n sì fi tapólì bò. Nígbà kan rí, òun ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú bí wọ́n ṣe ń fi ìgbòkun darí ọkọ̀. Ìdajì ìlú ló kọ́kọ́ mọ afẹ́fẹ́ lórí rẹ̀, ìdajì yòókù ló ti bì sínú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni wọ́n gbé e sókè fún àtúnṣe. Lọ́dọọdún ni Ọ̀gá sì ń kọ̀wé sí ìjọba pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ lórí rẹ̀. Irọ́ kọ́, iṣẹ́ ń lọ lóòótọ́: ológbò kan ti bímọ lẹ́ẹ̀mẹta lábẹ́ tapólì yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́tà dé. Mínísítà tuntun, tó jẹ́ obìnrin, ti ka ìròyìn ọdún mọ́kànlá náà láti òkè délẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tó ti pẹ́ tó báyìí á mà dára o. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún òní, òun ń bọ̀ wá wo bí ọkọ̀ náà yóò ṣe padà sínú omi. Nísàlẹ̀ lẹ́tà, akọ̀wé Mínísítà fi ìlà kan kún un: "Mínísítà fẹ́ràn ọ̀gá tí kì í bẹ̀rù kí ọwọ́ òun dọ̀tí."

Ọ̀gá ka ìlà yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà mọ́. Ó mọ́ bí àwo tí ẹnikẹ́ni ò tíì jẹun nínú rẹ̀.

*

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ iṣẹ́ fáíbà ní gbogbo agbègbè náà, obìnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà ní igun èbúté. Ọkọ rẹ̀ tó kú ló fi ṣẹ́ẹ̀dì náà sílẹ̀ fún un, ó sì ti ń dá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ìyá Jẹ́-Ó-Gbẹ ni wọ́n ń pè é. Bó o bá gbé ọkọ̀ wá tó o ní ò ń kánjú, á ní, "Jẹ́ ó gbẹ." Bó o bá bú u, á ní, "Jẹ́ ó gbẹ." Wọ́n ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ pàápàá, nígbà tó fọwọ́ sí ìwé tán, ó kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí íńkì náà kó tó jẹ́ kí ọkọ ìyàwó fọwọ́ kan ìwé.

Ó dé, ó ká tapólì, ó lé ológbò. Ó yọ òòlù kékeré kan nínú àpò, ó sì ń kan ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn bíi ti dókítà. Kó, kó, kó. Ó sún síwájú. Pọ̀, pọ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn?" ló bi Ọ̀gá.

"Èmi gẹ́gẹ́ bí èmi, mo ti gbọ́ ọ kí ẹ tó kàn án."

"Bẹ́ẹ̀ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí. "Èmi náà gbọ́ pé ẹ gbọ́ ọ."

Ìyá nawọ́ sí abẹ́ ọkọ̀. Gbogbo ibi tí omi máa ń bò ló ru ìléròrò, òmíràn tó orí ìka, òmíràn tó àtẹ́lẹwọ́. Ó ki ẹnu ọ̀bẹ bọ ọ̀kan. Omi pupa kan sun jáde, ó ń rùn bí ọtí kíkan. Ọ̀gá sún sẹ́yìn, ó fi áńkáṣíìfù bo imú.

"Omi ti wọ inú ara fáíbà," ni Ìyá wí. "Ká la gbogbo ìwọ̀nyí, ká máa fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, ká jẹ́ ó gbẹ. Ìgbà yẹn la ó tó fi aṣọ fáíbà àti rẹ́sìn, oje tó máa ń le, dí i."

"Ìgbà wo ni yóò gbẹ?"

"Ìgbà tó bá gbẹ."

"Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ kan."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bí òjò ò bá rọ̀."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí èèyàn máa ń rín fún ọmọdé tó ní òun fẹ́ ra òkun. "Ìyá, ó jọ pé ẹ ò mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀ yín, Ọ̀gá. Ọkọ̀ yìí ni ò mọ̀ yín."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ ó ti gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò jókòó lórí àga tó ga ju ti gbogbo èèyàn lọ fún ọdún méjìlélógún. Ọ̀gá gun òkè lọ, ó pe Bẹ́ẹ̀ni-Sà, ó sì ní kó máa kọ ọ́ bí òun ṣe ń pè é:

"Àṣẹ. Láti ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà Èbúté, Alákòóso Omi Tó Ń Wọlé àti Omi Tó Ń Jáde, Alága Ìgbìmọ̀ Tí Òun Fúnra Rẹ̀ Yàn. Mo pàṣẹ fún ọkọ̀ onígbòkun tó wà lẹ́yìn ilé pé kó gbẹ tán, nínú àti lóde, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀dà kan fún ọkọ̀ náà. Ẹ̀dà kan fún fáìlì."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀dà ti ọkọ̀ mọ́ ọn lára. Kò pé wákàtí méjì tí ìwé náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ó rọra ń bọ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà tún un lẹ̀. Ó tún yọ̀. Nígbà tó di aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì, àṣẹ náà wà nínú ẹrẹ̀, ó tutù ju ọkọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ni-Sà lọ mú ìṣó àti òòlù ńlá wá. Ìyá já òòlù náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìṣó lo fẹ́ kàn mọ́ abẹ́ ọkọ̀ tó ń lọ sómi? Ṣé orí ẹ pé?"

Ọ̀gá gbọ́ ariwo, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n kun ọkọ̀ náà ní ọ̀dà funfun lọ́la, kó máa dán; ta ni yóò mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà?

Ìyá gbé òòlù sílẹ̀. "Ó dáa. Ẹ kùn ún. Ta ló máa dúró nínú ẹ̀ pẹ̀lú Mínísítà lọ́jọ́ náà?"

Ẹ jẹ́ n tú àṣírí kékeré kan fún yín: ọ̀gá àgbà èbúté yìí kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Omi kan ṣoṣo tó ti kọjá orúnkún rẹ̀ rí, inú báàfù ló wà. Ó wo omi èbúté tó ń ṣẹ́jú lẹ́yìn ọkọ̀, ó sún sẹ́yìn.

"Ẹ jẹ́ ó gbẹ," ló wí.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé wọ́n ṣẹ́gun òun, ó gbé àṣẹ tuntun jáde ní ọjọ́ Ajé: ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ gbẹ kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìjìyà ń bẹ fún un bó bá yájú.

*

Ìyá ń ṣiṣẹ́. Ó fi ẹ̀rọ họ gbogbo ìléròrò náà títí tó fi kan fáíbà tó le. Láràárọ̀ ló ń fi omi tó mọ́ fọ abẹ́ ọkọ̀, á sì fi tapólì ṣe bí ilé yí i ká kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí i. Ó lẹ ọ̀rá tó mọ́ gaara, kéékèèké, mọ́ ọn lára. Bí ìrì bá sẹ̀ sínú ọ̀rá, omi ṣì wà nínú fáíbà nìyẹn; á mi orí, á padà sí ṣẹ́ẹ̀dì. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ìrì ò sẹ̀ mọ́. Ó fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, nítorí kò fọkàn tán ọ̀rá.

Ọ̀gá náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní àtẹ́wọ́. Ní aago mẹ́wàá, ẹ ó bá gbogbo wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn tó ń kọ̀wé, àwọn tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ géètì, wọ́n tò bí ọmọ iléèwé. Àtẹ́wọ́ Kìíní, fún ìgbà tí Ọ̀gá bá yọ lókèèrè. Àtẹ́wọ́ Kejì, fún ìgbà tó bá sọ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ni yóò fi ikọ́ ṣe àmì fún wọn, torí ó lè má hàn sí wọn pé ó jinlẹ̀. Àtẹ́wọ́ Kẹta ni ti omijé. "Ẹ ó máa pariwo pé 'Ọ̀gá ló ṣe é!', ẹ ó máa nu ojú, ẹ kò sì gbọdọ̀ dáwọ́ dúró láéláé àfi bí ẹ bá rí ọwọ́ ọ̀tún mi lókè."

"Kí ni ẹ ṣe, sà?" ni obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ béèrè.

Ọ̀gá ronú. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé. "Ọkọ̀ náà ni," ló dáhùn. "Èmi gẹ́gẹ́ bí èmi, ọwọ́ mi yìí ni mo fi tún un ṣe."

Báyìí ni irọ́ náà ṣe bọ́ sáyé, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá.

Ní ọjọ́ kejì, ayàwòrán ìwé ìròyìn dé. Ọ̀gá wọ aṣọ iṣẹ́ búlúù tí wọ́n ti lọ̀ títí tó fi ní ìlà gbọọrọ lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà fi pólíṣì bàtà kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́. Ọ̀gá gba dígí, ó wo ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n kun apá kejì kí ìdọ̀tí náà lè dọ́gba. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìhọfáíbà lé e lọ́wọ́, ó dì í mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ojú ẹ̀rọ náà sì kọjú sí ikùn rẹ̀. Ìyá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, eruku funfun bò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún," ni ayàwòrán wí. "Ẹ̀ ń ba fọ́tò jẹ́."

Ìyá sún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bẹ́ẹ̀ni-Sà mú lẹ́tà wá bá a ní ṣẹ́ẹ̀dì. Gbogbo èbúté ló gba irú rẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni wọ́n fàlà pupa sí nídìí: láti òní lọ, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹni tó tún ọkọ̀ ṣe, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà, òun ni "Ọ̀gá ló ṣe é", ẹni tó bá sọ òmíràn, àyè rẹ̀ ní èbúté yóò di ibi tí Ọ̀gá ń gbé mọ́tò sí.

Ìyá kà á lórí ìdúró. Ó wo ṣẹ́ẹ̀dì náà, ibi tí ọkọ rẹ̀ fi ìka kọ àmì sí lára ògiri nígbà tí sìmẹ́ńtì ṣì tutù.

"Ṣé òun ló fọwọ́ sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ni, mà."

"Ṣé gbogbo ohun tó kọ síbẹ̀ ló fẹ́ kí n sọ?"

"Bẹ́ẹ̀ni, mà. Ẹ má yọ ọ̀kan, ẹ má fi ọ̀kan kún un."

Ó ká lẹ́tà náà, ó tì í bọ àpò. Aṣọ fáíbà tó tẹ́ mọ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì ní àwọn ihò afẹ́fẹ́ nínú, torí ìbínú ló fi tẹ́ ẹ. Ó wò ó títí, ó bó gbogbo rẹ̀ kúrò, ó po rẹ́sìn mìíràn, ó sì tún un tẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú lè máa bí èèyàn. Ìyẹn ò kan ọkọ̀.

Nílé Ọ̀gá ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò, ń ka ìwé ìròyìn nídìí tábìlì oúnjẹ. Ó wo fọ́tò, ó wo ọkọ rẹ̀, ó tún wo fọ́tò.

"Bàbá wọn, ta lẹ ní ó tún ọkọ̀ ṣe?"

"Èmi gẹ́gẹ́ bí èmi ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ pe káfíńtà wá fi kàlẹ́ńdà kọ́ ògiri?"

"Ìyá wọn, iṣẹ́ olórí nìyẹn, kéèyàn mọ ẹni tó yẹ kó pè."

"Ó dáa. Ẹ ṣáà máa gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má gbà yín gbọ́."

Ọ̀gá rò pé ó ṣì í sọ ni.

*

Ọjọ́ náà pé. Mínísítà dé nínú mọ́tò kan ṣoṣo, obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tó sì gbé báàgì ara rẹ̀ dání. Àtẹ́wọ́ Kìíní dún. Ọ̀gá wọ kóòtù dúdú, ó wá fi ẹ̀wù ìléfòó méjì lé e lórí, ọ̀kan lórí èkejì, tó fi jẹ́ pé apá rẹ̀ ò lè kan ara mọ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ jáde, ojú ìwé mẹ́tàdínláàádọ́ta.

"Èmi gẹ́gẹ́ bí èmi, mo kí Mínísítà! Mo kí omi! Mo kí afẹ́fẹ́, tó gba àyè lọ́dọ̀ mi kó tó fẹ́ wá síbí lónìí! Nígbà tí mo kọ́kọ́ fojú kan ọkọ̀ yìí, ọkọ̀ yìí sunkún, èmi náà sunkún, a jọ sunkún. Mo wá gbé irin iṣẹ́..."

Afẹ́fẹ́ tó gba àyè yẹn já ojú ìwé kẹsàn-án dé ọgbọ̀n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó wọn dà sómi. Ọ̀gá bọ́ láti ojú ìwé kẹjọ sí ìkọkànlélọ́gbọ̀n, kò sì sẹ́ni tó mọ ìyàtọ̀. Àtẹ́wọ́ Kejì dún níbi tí Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti wúkọ́ lóòótọ́, torí eruku.

Wọ́n wá fi ẹ̀rọ agbẹ́rù sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n ń retí kó rì. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìyá Jẹ́-Ó-Gbẹ ló tún un ṣe, kò lè rì. Ó balẹ̀ sórí omi, ó mì lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró ṣánṣán. Mínísítà bọ́ sínú rẹ̀, ó ṣí pákó ilẹ̀ ọkọ̀, ó ki apá bọ ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó yọ ọwọ́ jáde, ó wò ó. Ọwọ́ náà gbẹ.

"Iṣẹ́ rèé," ló wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Iṣẹ́ gidi rèé. Ta ló ṣe é?"

"Ọ̀gá ló ṣe é!" ni gbogbo èbúté dáhùn pọ̀.

"Òun nìkan?"

"Òun nìkan ṣoṣo, mà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí. "Èmi ni mo ń nu òógùn fún un."

Mínísítà wò yíká. Ojú rẹ̀ bọ́ sára obìnrin àgbà kan tó dúró lẹ́yìn gbogbo wọn, tí rẹ́sìn ti gbẹ mọ́ ọn léèékánná. "Ìyá, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé òótọ́ ni?"

Ọ̀gá wo Ìyá. Ìyá wo Ọ̀gá. Ó yọ lẹ́tà kan láti inú àpò, ó nà án tán, ó sì kà á síta bí ọmọ iléèwé: "Ọ̀gá ló ṣe é." Ó ká a padà.

Mínísítà wo lẹ́tà náà fún ìgbà díẹ̀. Bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀, èmi ò sí nínú ikùn rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó jáde nínú ọkọ̀, ó lọ bá Ọ̀gá, ó gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹwọ́ náà, tó rọ̀ bí búrẹ́dì.

"Ọ̀gá, ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Èbúté kan wà lókè odò, níbi tí ọ̀nà ọ̀dà parí sí. Ọkọ̀ fáíbà mẹ́sàn-án ló wà nílẹ̀ níbẹ̀. Òun ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ti ń bẹ̀ wá fún ẹni tó mọ iṣẹ́. Ẹ̀yin ni mo rán lọ. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ lẹ ó bẹ̀rẹ̀."

Ojú Ọ̀gá fún. "Mínísítà, èmi gẹ́gẹ́ bí... ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ̀yìn á dùn ún dandan. Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Mo fẹ́ sọ pé àwọn kan ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀..."

"Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀!" ni Mínísítà wí, ó kọjú sí àwọn èèyàn. "Ṣé ẹ rí i? Kò tilẹ̀ fẹ́ gba ìyìn!"

"Kò fẹ́ gbà á, mà!" ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí.

Òógùn bo Ọ̀gá nínú ẹ̀wù ìléfòó méjì. Ó rí i pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Ó la ẹnu, ó sì sọ ọ́, torí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó sọ ọ́: "Èmi kọ́ ni mo ṣe é! Ìyá yẹn ni!"

Ṣùgbọ́n Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti rí omi lójú Ọ̀gá, ó sì ti fi àmì fún Àtẹ́wọ́ Kẹta. Gbogbo èbúté bú sẹ́kún. "Ọ̀gá ló ṣe é! Ọ̀gá ló ṣe é!" Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń nu ojú, ẹni tó ń ṣọ́ géètì dojú bolẹ̀. Ọ̀gá ń pariwo, ariwo wọn bò ó. Ó fẹ́ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè kí wọ́n lè dákẹ́; ọwọ́ ọ̀tún náà wà lọ́wọ́ Mínísítà, kò sì fi í sílẹ̀. Ó gbé tòsì. Wọn ò kọ́ wọn ní tòsì. Wọ́n rò pé ó ń juwọ́ sí wọn ni, ẹkún àti àtẹ́wọ́ bá tún le sí i.

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló pariwo jù. Kò sẹ́ni tó fipá mú un.

*

Ọjọ́ Sátidé ni ìyàwó rẹ̀ bá a di ẹrù. Ọ̀gá béèrè bóyá wọ́n jọ ń lọ. Ìyàwó ní, "Ẹ ṣáájú ná, Bàbá wọn. Bí ẹ bá ti tún ọkọ̀ kìíní ṣe tán, ẹ pè mí." Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá mìíràn dé sórí àga gíga náà, ó sì bi Bẹ́ẹ̀ni-Sà bóyá ó rò pé àwọn àga àlejò kúrú jù. "Bẹ́ẹ̀ni, sà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó."

Lókè odò, wọ́n fún Ọ̀gá ní ṣẹ́ẹ̀dì onípáànù kan, bẹ́ẹ̀dì kan, àti ọkọ̀ mẹ́sàn-án tó ru ìléròrò. Kò sí àtẹ́wọ́ níbẹ̀. Apẹja méjì ló wà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tí wọ́n máa ń gbé àpótí wá jókòó láràárọ̀ láti wò ó. Ní ọjọ́ kìíní, ó da ohun tó ń mú rẹ́sìn le sínú ike ní ìwọ̀n tó wù ú. Ike náà gbóná, ó rú èéfín, ó dì mọ́ orí tábìlì títí di òní. Ní ọjọ́ kejì, ó họ fáíbà láì bo ọrùn. Eruku gíláàsì wọ ọ́ lára, ó ń họ ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń họ ara rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ń fi ẹ̀yìn ra igi bí màlúù.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ṣe tìjọ́sí?" ni ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Ọ̀nà tuntun ni," ni Ọ̀gá wí, ó ń họra.

"Ìyá wa ń ṣàìsàn," ni àbúrò wí. Kò fi bú u, ó kàn sọ ọ́ ni. "Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá gbẹ, a ó fi gbé e lọ sílé ìwòsàn."

Ọ̀gá padà sí abẹ́ ọkọ̀ kìíní, ó sì dúró síbẹ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lọ́sàn-án gangan, fóònù dún ní ṣẹ́ẹ̀dì Ìyá. Ó ń jẹun. Ó wo nọ́ńbà náà, ó nu ọwọ́, ó gbé e.

"Ìyá, ẹ kú ọ̀sán. Ẹ má bínú. Mo... mo ti họ ibì kan. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó kí n tẹ́ aṣọ sí i."

Ìyá lè pa fóònù. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, èmi ì bá sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ dijú," ló wí. "Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ibẹ̀, ẹ rọra. Ṣé ó tẹ́jú àbí ó ní kòtò?"

Ó gbọ́ bí ọwọ́ ṣe ń ra fáíbà lódì kejì. Ó pẹ́. Ó gbọ́ èémí.

"Mi ò mọ̀," ni Ọ̀gá wí.

Ìyá fa àpótí sún mọ́ra.

"Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ n jókòó, kí n lè gbọ́ ọ dáadáa," ló wí. "Ó yá, ẹ tún un sọ."

Ọ̀gá sì tún un sọ.